Ojú Òsì

Ní Ìsánlú, ìrì ò tíì gbẹ lórí koríko,
mo bẹ̀rẹ̀ síwájú Kòròlà, mo wo ojú rẹ̀ òsì.
Ó ti làágùn nínú.
Mo fi aṣọ nù ún, kò nù.
Omi náà wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gíláàsì,
ẹ̀kán wẹ́wẹ́ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́,
àfi bí ẹni pé ẹnìkan jókòó sínú iná, tó ń mí.

Ọ̀tún mọ́ kedere.
Ṣùgbọ́n òsì la fi ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà.
Lálẹ́ àná, láti Ayétòrò dé Mópà,
tírélà tó ru símẹ́ǹtì rò pé ọ̀kadà ni mí,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibi tí mo wà.

Mo ti tọ́jú ẹ̀ rí o, lóṣù tó kọjá.
Mo ra gọ́ọ̀mù ní Kàbbà, mo dí etí gíláàsì,
mo dí ẹ̀yìn, mo rí ihò kékeré kan
tí kò ju imú èkúté lọ, mo dí òun náà.
Mo ní ká wá wo ibi tí omi ó gbà wọlé.
Òjò rọ̀. Omi kò wọlé.
Èyí tó wà nínú ò rí ọ̀nà jáde.

Owóníyì rìwáyà, lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀,
tó máa ń há ṣíkúrù sẹ́nu bí orógbó,
tú bọ́ńpà, ó fa iná náà yọ, ó yí i wò.
"Òkun o, Tíṣà. Ta ló dí i nímú?"
Mi ò fèsì.
Ó ní bí gílóòbù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú a wú,
bó bá tutù, a súnkì, a fa ti òde mọ́ra.
"Wọ́n dìídì dá ihò yẹn sí i ni.
Ohun tó ń gbóná tó ń tutù, ẹ jẹ́ ó mí."

Ó fi abẹ fá gọ́ọ̀mù mi kúrò.
Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí ìdérí róbà wà,
ọ̀rá omi kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òwú pupa so,
kókó méjì, lẹ́yìn náà ẹyọ kan.
Bí Jayéọlá ṣe ń so àpò gààrí nìyẹn,
bó ṣe ń so okùn ewúrẹ́.
Láti ìgbà tí a ti gbé e bọ̀ láti Lọ́kọ́ja
mo ń wa ọkọ̀ rẹ̀, mo ń san gbèsè rẹ̀,
n ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú iná.
Owóníyì fẹ́ jù ú nù. Mo ní, "Kó o fún mi."

Ẹnìkan ní ká fi ìrẹsì sínú rẹ̀ kó fa omi.
Owóníyì ní ìrẹsì, jíjẹ ni.
A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Adúnọlá onídìrí,
jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, dúráyà ń fẹ́ ooru,
obìnrin kan tí wọ́n di ìlàjì orí rẹ̀
gbé ojú ọkọ̀ mi lé itan bí ọmọ tuntun.
"Ó ti ń gbẹ o," ló ń wí, "ẹ wò ó, ó ti ń gbẹ."
Lẹ́yìn náà, oòrùn, títí di aago mẹ́rin.
Róbà tuntun, tí wọ́n gé lára táyà kẹ̀kẹ́.
Ihò náà, wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ gbayawu.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò bá wa lọ́nà Mópà.
Ìkúùkù díẹ̀ yọ ní igun gíláàsì, kò sì pẹ́ tó fi lọ,
bí Owóníyì ti wí.
Kí a tó wọ̀lú, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa iná.
Ọ̀rá náà wà nínú àpò mi, pẹ̀lú òwú rẹ̀.
Èrò tó wà lẹ́yìn béèrè pé kí ló dé.
Mo ní, ẹ má bínú,
mò ń dúró kó tutù ni.